Ọ̀nà àbàtà tí wọ́n ní ó "rọrùn": ṣé màmá ẹni ọdún 71 lè rìn ín, ìgbà wo ló sì dára jù láti lọ?

Ẹsẹ̀Kòsùn | Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Mo fẹ́ mú màmá mi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, lọ rìn nínú ọgbà ìpamọ́ kan tí ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀ la àárín àbàtà kọjá. Kì í ṣe àbàtà tó lómi tọdún-tọdún o. Irú èyí tó ń kún fún oṣù mélòó kan, tó tún ń gbẹ ni. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ọ̀nà náà rọrùn: kìlómítà 2.5, ó yípo padà síbi téèyàn ti bẹ̀rẹ̀, afárá pákó ni apá kan, ilẹ̀ lásán ni ìyókù.

Màmá ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún ọ̀tún sì ń dà wọ́n láàmú. Mi ò lè bi wọ́n bóyá wọ́n á lè rìn ín, torí "mo lè ṣe é" ni ìdáhùn wọn sí gbogbo nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí, kí ni "rọrùn" yìí túmọ̀ sí gan-an? Ṣé ìgbà tómi kún ni ká lọ ni àbí ìgbà tó ń fà? Bàtà wo ni ká wọ̀?

Lámilámi | Ọjọ́ Ajé, 8:03 àárọ̀

Ẹ kú ìmúra. "Rọrùn" tí wọ́n máa ń kọ yẹn, gígùn ọ̀nà àti òkè ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kò jìn, kò sí òkè láti gùn, ó parí. Kò sọ fún yín bóyá igi wà tó ṣíji bo ọ̀nà, bóyá ìjókòó wà, tàbí bóyá ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbé bàtà mì lẹ́yìn òjò. Ọ̀pọ̀ irú àbàtà bẹ́ẹ̀ kò ní igi ńlá láàárín. Oòrùn á máa pa yín láti òkè, á tún máa ta lójú omi wá sójú yín.

Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ọgbà náà kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ bi wọ́n pé ìjókòó mélòó ló wà, níbo lèèyàn ti lè yí padà láìrìn ín tán, ṣé afárá náà ní ohun tí wọ́n lè dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún orúnkún tó ń dunni, ibi téèyàn lè jókòó sí ṣe pàtàkì ju gígùn ọ̀nà lọ.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù fún àgbàlagbà ni pákó tútù. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ máa ń hù lé e, tínrín, ojú lè má rí i, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ àárọ̀ tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, kí Màmá máa fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì rọra máa bọ̀.

BàbáKékeré | Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ má lọ nígbà tó gbẹ o! Ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Èmi àti ìyàwó mi wakọ̀ wákàtí mẹ́ta lọ sí irú ibẹ̀, wọ́n gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wa, wọn ò sọ nǹkan kan. A dé orí afárá. Afárá tó dáa, pákó tuntun. Abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ tó sán wẹ́wẹ́, tó gbẹ táútáú, kò sí ẹ̀kán omi kan. Ìyàwó mi wo ìsàlẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Afárá orí ìyàngbẹ ilẹ̀ lo gbé mi wá wò." Títí dòní, bí mo bá ní ká jáde lọ síbì kan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá omi wà níbẹ̀.

TísàOníwèé | Ọjọ́ Ajé, 1:25 ọ̀sán

Bàbá Kékeré, ẹ kú ìyà o. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tẹ́ ẹ wò lọ́jọ́ náà kì í ṣe òkú ilẹ̀.

Nínú amọ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀, ẹyin edé kéékèèké lè wà níbẹ̀ láìlóǹkà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré bí eruku. Fairy shrimp ni wọ́n ń pè wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí omi tó gbẹ tán ni ìyá wọn ti yé wọn sílẹ̀, èèpo ẹyin náà sì yi débi pé oòrùn kì í pa á, òtútù kì í pa á, ó lè wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ fún ọdún púpọ̀. Ẹyẹ lè gbé e mì, kó yà á síbòmíràn, kó ṣì pa níbẹ̀. Bí omi bá dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti ń wẹ̀. Ohun tó wù mí jù nípa wọn ni pé gbogbo ẹyin kì í pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Apá kan á dúró de omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn, torí òjò àkọ́kọ́ lè jẹ́ ẹ̀tàn: kó kún díẹ̀, kó gbẹ kí àwọn tó ti pa tó dàgbà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìran wọn ò ní run.

Ẹja náà ń ṣe é. Ní Mozambique àti Zimbabwe, ẹja kékeré kan wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ òjò, Nothobranchius furzeri lorúkọ rẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá pa, ó ti lè dàgbà tó láti yé ẹyin tirẹ̀. Kò ní àyè láti fi ṣeré, omi ń lọ. Omi gbẹ, ẹja kú, ẹyin kù sínú ẹrẹ̀. Ẹja mìíràn tún wà ní Áfíríkà, Protopterus, tó ní ẹ̀dọ̀fóró bíi tiwa. Bómi bá ń gbẹ, á wa ihò sínú ẹrẹ̀, omi yíyọ̀ ara rẹ̀ á gbẹ yí i ká bí àpò, á sì sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń mí afẹ́fẹ́.

Ẹ sọ fún Ìyá Kékeré pé ilé onílé ni wọ́n dúró sí lórí lọ́jọ́ náà. Àwọn onílé ló sùn.

BàbáKékeré | Ọjọ́ Ajé, 1:58 ọ̀sán

Màá kà á sí i létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, Tísà. Pẹ̀lú owó ìwọlé tí wọ́n ń gbà, kí ló dé tí wọn ò fi la kòtò láti odò wá síbẹ̀, kí omi lè wà jálẹ̀ ọdún? Gbogbo wa á máa rí nǹkan wò, wàhálà á tán.

TísàOníwèé | Ọjọ́ Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹja odò á wọlé, wàhálà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹja ń jẹ ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ó ń jẹ légbélégbé, ó ń jẹ àwọn edé tí mo sọ̀rọ̀ wọn yẹn. Oríṣiríṣi ọ̀pọ̀lọ́ ló jẹ́ pé omi tó máa gbẹ gan-an ni wọ́n ń wá láti yé sí, torí wọ́n mọ̀ pé ẹja ńlá kò lè dàgbà níbẹ̀. Gbígbẹ tó ń bí yín nínú ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́nà fún wọn. Ohun mìíràn ni pé nígbà tílẹ̀ bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, koríko tó ti kú sínú omi á wá jẹrà kíákíá. Nígbà tómi bá padà dé, ilẹ̀ ti lọ́ràá, ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń hù.

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ó bá a tan, àmọ́ ìbátan yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Àwọn kan ń gba omi lọ́wọ́ odò tó kún àkúnya. Àwọn kan, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń ru sókè wá bá wọn. Òjò nìkan sì ni àwọn mìíràn ní, amọ̀ líle tàbí àpáta tó wà nísàlẹ̀ ni kì í jẹ́ kómi rì. Ẹ gbẹ́ kòtò gba inú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni dá ìdí agbada lu ni. Èyí tó wà níbẹ̀ gan-an á tún sá lọ.

Ọ̀rọ̀ pé "omi ibẹ̀ kì í pẹ́, nítorí náà kì í ṣe àbàtà gidi" ti parí tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Ramsar ní Iran, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìtọ́jú ilẹ̀ olómi lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971, èyí tómi rẹ̀ wà títí àti èyí tómi rẹ̀ wà fúngbà díẹ̀ ni wọ́n jọ kà mọ́ ọn.

OníKámẹ́rà | Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹni tó béèrè ìbéèrè, kó má di pé a gbé kíláàsì wá síbí 😄

Ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ dúró lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí. Tómi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, etí ló máa ń gbádùn rẹ̀ ju ojú lọ: kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré á máa ké ní ìrọ̀lẹ́ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín. Tómi bá kún dẹ́nu, ó dára nínú fọ́tò, òṣíbàtà á tẹ́ lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ á fọ́n ká torí omi wà níbi gbogbo, ilẹ̀ lásán tẹ́ ẹ sọ yẹn sì lè wà lábẹ́ omi. Èmi, ìgbà tómi ń fà ni mo máa ń lọ. Gbogbo ẹja àti kòkòrò inú omi á fún pọ̀ sínú ìwọ̀nba ọ̀gọ̀dọ̀ tó kù, lékeléke àti àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á sì kóra jọ tì wọ́n. Ẹ lè jókòó síbì kan ṣoṣo kí ẹ rí ohun tẹ́ ẹ ò bá fi wákàtí mẹ́ta wá kiri. Ní ọgbà Kakadu ní Ọsirélíà, ní àbàtà Mamukala, nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá tí ẹ̀rùn ń parí lọ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún pẹ́pẹ́yẹ igbó dúdú àti funfun máa ń wọ́ jọ síbẹ̀. Ní Kalifọ́níà, ọ̀gọ̀dọ̀ òjò wọn kéékèèké ni òdòdó máa ń yí ká bí òrùka nígbà ìrúwé: bómi ṣe ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni òrùka tuntun ń tanná sí etí rẹ̀, àwọ̀ tẹ̀lé àwọ̀.

Ẹ má sì fi òjò tó ń rọ̀ lójúde yín ṣírò o. Ohun tó tan Bàbá Kékeré jẹ ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn. Ẹ wo Okavango, àbàtà ńlá kan ní Botswana. Orí òkè Angola ni òjò tó ń kún un ti ń rọ̀, ní nǹkan bí oṣù Kìíní sí Kejì. Omi náà á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di oṣù Kẹfà sí Kẹjọ kó tó kún jù, nígbà tí ẹ̀rùn ti mú ní Botswana fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lọ lásìkò òjò torí pé ó ń wá omi ti ṣi í. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an ni kẹ́ ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé omi ti dé ibo.

Fún orúnkún Màmá, ìgbà tómi ń fà náà ni màá fọwọ́ sí. Ilẹ̀ á ti le.

ÌyáẸ̀jìrẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọdún 6, torí méjì ni mo gbé lọ.

Ẹ̀fọn. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tómi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ilẹ̀. Irú ẹ̀fọn kan wà tó ń yé sórí ilẹ̀ tútù, ẹyin rẹ̀ á dúró síbẹ̀ de omi. Ọjọ́ tómi bá bò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn á pa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò lè bá wọn jà. Tó bá yá, àwọn ọmọ lámilámi inú omi (Lámilámi tiwa, kì í ṣe ìwọ) á dàgbà, wọ́n á sì máa jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ṣòkòtò gígùn tẹ́ ẹ ki sínú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn inú koríko, kẹ́ ẹ sì yẹ ara ọmọ wò bẹ́ ẹ bá délé, pàápàá ẹ̀yìn etí àti ẹ̀yìn orúnkún.

Ìpara ẹ̀fọn: ẹ fi pa á, ṣùgbọ́n kó má fi ọwọ́ yẹn gbé ọ̀pọ̀lọ́ rárá. Awọ ara ọ̀pọ̀lọ́ ń fa ohun tó bá kàn án mu. Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, kó má gbé e, ìpara tàbí àìsí ìpara.

Ọmọ yín á fẹ́ bọ́ sómi. Ẹ má gbà. Yàtọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kan péré ń tẹ ẹyin àti ewé tó ń hù mọ́lẹ̀, ní àwọn ilẹ̀ olóoru, ìṣáwùrú inú omi tó dúró sójú kan lè ní kòkòrò àtọ̀sí ajá lára, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é ni pé mo ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí afárá, kí wọ́n máa yọjú láàárín pákó méjì. Ìṣẹ́jú ogún ni wọ́n fi wà níbẹ̀! Àwọn ọmọ tí kì í jókòó ìṣẹ́jú méjì nílé. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání.

AjáMiNiMo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀

Ṣé mo lè mú ajá mi lọ sí irú ibẹ̀? Jẹ́jẹ́ ni.

Lámilámi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:22 àárọ̀

Jẹ́jẹ́ lójú yín ni. Ẹyẹ tó yé sílẹ̀ nínú koríko kò mọ̀ pé jẹ́jẹ́ ni, á fò, ẹyin á tutù. Ọ̀pọ̀ ọgbà kì í gbà á. Èyí tó bá gbà á, okùn kúkurú.

TáyàMẹ́rin | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Àga onítáyà ni mo fi ń rìn, mo sì ti rí "rọrùn" oríṣiríṣi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to pákó. Tí wọ́n bá tò ó ní ìbú, kọjá ọ̀nà, kò sí wàhálà. Tí wọ́n bá tò ó ní gígùn bí ọ̀nà ṣe lọ, àlàfo àárín rẹ̀ lè gbé táyà kékeré iwájú mì, ó sì lè gbé ẹnu ọ̀pá Màmá mì pẹ̀lú. Ẹ wo etí rẹ̀ náà bóyá igi kékeré kan gbéra sókè níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kéèyàn yí gbirigbiri bọ́ sómi. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹni méjì lè pàdé lórí afárá láìjẹ́ pé ọ̀kan á fi ẹ̀yìn rìn padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mítà ọgọ́rin, ẹ̀yìn ni mo fi rìn, àwọn ọmọ iléèwé ogún ń wò mí.

Ẹsẹ̀Kòsùn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ bàtà. Bàtà òjò onírọ́bà ni mo ti rà sílẹ̀ fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta…

Lámilámi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Fún ọmọ, ó dáa. Fún Màmá, rárá. Ó wúwo, kì í di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ìdí àwọn kan sì ń yọ̀ lórí pákó. Bàtà olókùn tí ìdí rẹ̀ ní eyín, tí wọ́n ti wọ̀ títí tó ti mọ ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹrẹ̀ bá bà á, ẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ kejì dání.

TísàOníwèé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:00 ọ̀sán

Kẹ́ ẹ sì fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá dé nìkan. Ẹ ha ẹrẹ̀ ìdí bàtà dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ délẹ̀délẹ̀. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní chytrid tó ń ba awọ ara ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́. Ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ohun tó ń fà á lórúkọ. Ó ti pa ìran ọ̀pọ̀lọ́ púpọ̀ run káàkiri ayé, ẹrẹ̀ tútù ìdí bàtà sì lè gbé e láti àbàtà kan dé òmíràn.

Ẹsẹ̀Kòsùn | Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 7:45 alẹ́

A lọ, a bọ̀!

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní omi ti ń fà, ilẹ̀ ti le, ìjókòó mẹ́rin ló wà, a sì lè yí padà níbi ìjókòó kejì. A débẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Pákó tútù lóòótọ́. Mo gbé ọ̀pá fún Màmá, wọ́n ní fún ta ni. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀ díẹ̀ lórí pákó kẹta, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò mí, wọ́n gba ọ̀pá.

Gbogbo ìjókòó tá a bá dé la jókòó sí. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, Màmá á ní, "Kò rẹ̀ mí o, ẹyẹ ni mò ń wò." Nígbà tó yá, ẹyẹ náà ni wọ́n ń wò lóòótọ́. Ọ̀kan wà tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn ní pálọ̀ ilé rẹ̀, ewé ò rì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọwọ́ aláǹtakùn. Tísà, kí lorúkọ ìyẹn?

Ọmọ dojú bolẹ̀ lórí pákó gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ ṣe wí. Légbélégbé tó ti yọ ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn ló rí, ìrù ṣì wà nídìí rẹ̀. Ó pariwo pé wọ́n ti ṣe é ní àṣìṣe. Ìyá ìyá rẹ̀ dojú bolẹ̀ tì í láti ṣàlàyé. Orúnkún yẹn náà ni o. Èmi àti ọkùnrin kan tó ń kọjá la jọ gbé wọn dìde.

A yí padà níbi ìjókòó kejì. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀.

TísàOníwèé | Ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́

Jacana ni. Ìka gígùn yẹn ló ń pín ìwúwo rẹ̀ káàkiri ewé kó má bàa rì. Nínú ọ̀pọ̀ lára wọn, akọ ló ń sàba lórí ẹyin, tó sì ń tọ́ ọmọ. Abo á ti lọ wá ọkọ mìíràn.

Ẹsẹ̀Kòsùn | Ọjọ́ Àìkú, 8:31 alẹ́

Mo ti kà á fún Màmá. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ padà lọ.

BàbáKékeré | Ọjọ́ Àìkú, 9:02 alẹ́

Ìyàwó mi ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní òun gbà, a máa lọ. Ṣùgbọ́n òun fúnra òun ló máa pè wọ́n lórí fóònù.